Orúkọ Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Jẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, láwọn ọdún 1980 sí òkè, iṣẹ́ ọmọbìnrin ni ewùrà rírín fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé bó ṣe máa ń yún ni títí dé ìgbọ̀nwọ́, tí èéfín igi á tún máa ta ni lójú. Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi á wà níta tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù ní tiẹ̀. Ìgbà tí òórùn epo àti ẹja gbígbẹ bá gba àdúgbò kan ló tó ń rántí ilé.

Nígbà tí mo dé pírámárì kẹfà, tíṣà wa ní àfi kí n máa wá sí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ bí mo bá fẹ́ yege ìdánwò àtiwọ girama. Àsìkò tí a ń se ìkọ́kọrẹ́ gan-an sì ni. Mo ti gbà pé ó tán fún mi nìyẹn, àfi bí ìyá mi ṣe pe Káyọ̀dé, tó gbé ewùrà lé e lọ́wọ́: "Ìwọ náà ń jẹ ẹ́, àbí?" Kókó ló kún inú ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, bàbá mi jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa láti Ìmùṣin, ó bá ọmọkùnrin nídìí ààrò. Inú bí i. "Ìyàwó, ṣé ìwọ náà ti di ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ni?" Èébú gidi ni nígbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ní kò gbọ́ ti ọkọ. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò sí lára wọn." Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n bó ṣe dìde, ó ní kí n tètè máa lọ sí lẹ́sìnnì, Káyọ̀dé sì ń rín ewùrà rẹ̀ lọ. Mo yege ìdánwò náà, ijó ni mo jó wọlé.

Ọmọbìnrin tèmi ò bẹ̀rù orúkọ yẹn lóde òní. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa, ó ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin lòun. Àwọn kan yọ ṣùtì. Ni ìyá mi, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bá fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde.

"Èmi náà ni, ó ti pẹ́. Ká ní mo jẹ́wọ́ nígbà yẹn ni, wọn ì bá gba lẹ́sìnnì lọ́wọ́ ọmọ mi. Ta ló fẹ́ gbà á báyìí?"

Èmi tí n kò sọ ọ́ rí láyé mi náà dìde, mo sọ ọ́ sókè pé ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ni mí.