Maṣíìnì Tí A Ti Kọ Orúkọ Sí Lára

Nílé wa ní Iléṣà, bí maṣíìnì ìránṣọ bá ti wọlé, orúkọ ẹni tó ni ín la kọ́kọ́ máa ń kọ sí i lára, torí gbogbo maṣíìnì ló jọra ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí èyí tí mo rà fún ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán dé, kí a tó tan iná sí i rárá, mo ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ń kọ nǹkan sára mọ́tò. Ó fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ọmọ náà gàdàgbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. A fi í sílẹ̀ kó gbẹ.

Orí fóònù la ti rà á. Ọmọ náà ló tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sanwó, gbogbo àjọ mi ló sì bá a lọ. Fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé òun ò ní í gbàdúrà fún ẹni tí kò bá ní maṣíìnì tirẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀dà gbẹ, a tan iná. Maṣíìnì han gooro, abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó há síbẹ̀. Omi lé sójú ọmọ náà.

"Màmá, bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò."

"O ò mọ̀ ọ́n lò kẹ̀? Kí lo wá ń kọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Ó kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọ́n ní kó ya fọ́tò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ọ̀dà pupa, wọ́n ní a ti lò ó, àwọn kì í gba ọjà tí a bá ti lò. Àyà mi já. Bó bá ṣe ọjà ni, mo mọ ìsọ̀ tí n bá lọ dúró sí. Ojú ta ni mo mọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí?

Ọmọ náà wá ní wọ́n ní ọ́fíìsì ní Òkè Fìà, l'Óṣogbo. A wọ mọ́tò. Mo gbé maṣíìnì lé itan.

Obìnrin tó wà nídìí káńtà wo orúkọ náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Háà, Màmá, ẹ ti ṣe ìkómọ rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó dá a padà!"

"A ṣe ìkómọ, ọmọ mi. Ọmọ tẹ́ ẹ kó fún wa ni kò sunkún."

Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní ẹni tó yí ọkàn padà kò lè dá ọjà tó ti kùn lọ́dà padà. Mo ní ọkàn mi kò yí, maṣíìnì ni mo ṣì fẹ́, èyí tó ń ránṣọ. "Ara rẹ̀ ni ọ̀dà wà. Ẹ tú inú rẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀dà níbẹ̀, mò ń gbé e lọ sílé."

Ó pe ọkùnrin kan jáde pé kó tú u. Irin kan ti ṣẹ́ nínú rẹ̀, ojú ibi tó ti ṣẹ́ sì ti dípẹtà. Ọkùnrin náà ní èyí ti pẹ́, kì í ṣe ilé wa ló ti ṣẹ́. Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ọjà tó bá ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa, ẹ̀tọ́ wa ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dá owó padà. Ọ̀dà kò kan ìyẹn. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ká fi í sílẹ̀, ká lọ máa retí òmíràn.

Ká máa retí! Kò sí ọ̀kadà tó kọjá tí n kò yọjú wò. Ọ̀gá ọmọ náà ń bi í léèrè, ọmọ náà sì ń parọ́ fún un pé maṣíìnì ti wà nílé.

Nígbà tí ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé wa níkẹyìn, ẹni tó gbé páálí wá ní kí n fìka fọwọ́ sí ojú fóònù òun kóun máa lọ. Mo ní kó jókòó.

"Màmá, wọ́n ń dúró dè mí níbòmíràn."

"Wọ́n á dúró. Gbé akoto yẹn wá."

Mo gba akoto orí rẹ̀, mo gbé e lé itan. Iná ò sì sí! A ní láti bẹ aládùúgbò wa kó tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, títí aṣọ fi tán lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó rán òmíràn. Ó rán an.

Ìgbà náà ni mo dá akoto padà fún ọlọ́kadà, mo sì fi ìka fa ilà sójú fóònù rẹ̀.