Àga Kejì Níbi Àjọ̀dún Ìbejì

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi wà níbẹ̀, Táyé tí wọ́n bí pọ̀ mọ́ ìyàwó mi wà níbẹ̀, ìyá onílé tó gbà wá lálejò àti ògbufọ̀ wa náà wà níbẹ̀. Àga méjì ni wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé lórí níwájú ilé. Táyé jókòó sórí ọ̀kan. Èkejì ṣófo, gbogbo èrò sì ń retí ẹni tó ni ín. Èmi àti Táyé mọ̀ pé kò ní í wá. Èmi ni mo sọ pé ó ń bọ̀.

Ìlú kan létí òkun ni, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Ayẹyẹ kì í tán níbẹ̀. Ògbufọ̀ sọ fún wa pé nígbà kánífà wọn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń jó ní títì, tí àwọn àrìnrìn-àjò á máa wọlé láti ìlú òkèèrè wá wòran. Ti ìbejì yàtọ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á se ilá, wọ́n á pe ọmọ méje kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ nínú àwo kan náà, kí àgbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò pọ̀, àwọn ilé kan gbé e jáde sí gbangba. Ilé tí à ń wí yìí fẹ́ kí ìbejì Ìgbó-Ọrà wá bá wọn jókòó. Bí lẹ́tà wọn ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìbejì ìlú wa nìyẹn.

Mo ti dàgbà kí n tó lọ sílé ìwé, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí n máa kọ lẹ́tà. Èmi ni mo kọ èsì, pé Táyé àti Kẹ́hìndé ń bọ̀, èmi ni n ó sìn wọ́n wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dà á kọ kí tádàwà má baà kán sí i. Inú mi dùn sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bí ẹni tó kọ́lé. Lẹ́yìn náà ni òjò dé, Kẹ́hìndé, ìyàwó mi, ṣàìsàn, kò sì lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Àwọn ará ilé ní kí n kọ̀wé sí àwọn tó pè wá. Èmi tí mò ń bá gbogbo àdúgbò kọ̀wé kò lè kọ ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣàdédé la ẹnu sọ ọ́ lójú èkejì pé ìbejì kú. Mo fi àṣà bojú. Mo ní bí a bá débẹ̀, wọ́n á rí i fúnra wọn.

Táyé ló ní ká lọ. Ó ní, "Ó ti fọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ, ọkọ wa. A ó gbé e dání." Ó ká ìró Kẹ́hìndé sínú àpò rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá rà lọ́nà, méjì ni, omi méjì, búrẹ́dì méjì, bí wọ́n ṣe ń rà á fún wọn láti kékeré. Ó ń bí mi nínú.

Nígbà tí a dé, ìyá onílé dì mọ́ Táyé, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá ní èkejì ńkọ́?" Ògbufọ̀ ló bi mí.

Táyé ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ibùsùn méjì ni wọ́n ń tẹ́ fún wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ àjọ̀dún, Táyé yọjú sínú ìkòkò ilá wọn. Ó ní, "Ọkọ wa, ẹ wo edé bí ẹni ń se àsè ọba. Ká ní wọ́n fi ìlásà sí i bíi tiwa, ìbejì ì bá ti kún ìgboro wọn." Mo rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rín irú rẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, àwọn ọmọ méje ti wà lórí ẹní, ọbẹ̀ ń tutù. Arábìnrin kan láàárín àwọn àrìnrìn-àjò fẹ́ jókòó sórí àga kejì kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Táyé gbé ọwọ́ lé àga náà. Ó ní, "Ẹnì kan wà níbẹ̀."

Ògbufọ̀ yíjú sí mi. "Bàbá, ìyá ní ìgbà wo ni wọ́n máa dé? Àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wọn."

Mo yíjú sí Táyé.

Táyé ló dáhùn. "Ẹ sọ fún wọn pé kò bọ̀ mọ́. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán mi wá tọ́ ayé wò. Ẹni tó rán mi níṣẹ́ ti ṣíwájú mi délé." Ó yọ ìró náà nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí àga kejì. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìyá onílé bu ilá sínú àwo, ó gbé e síwájú àga náà, ó sì ṣẹ́wọ́ sí àwọn ọmọ. Àwọn àrìnrìn-àjò rò pé ara ayẹyẹ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Táyé ṣì ń ra nǹkan ní méjì-méjì ní Ìgbó-Ọrà, kò bí mi nínú mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tí mo fẹ́ jẹ́ ẹ fún ni mo bẹ̀rù, mo wá fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún Táyé, ẹni tó yẹ kí n bá gbé ẹrù náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì àjọ̀dún náà, mo jí ṣáájú Táyé. Mo gba bébà lọ́wọ́ ògbufọ̀, mo kọ lẹ́tà tó yẹ kí n ti kọ láti ilé: Kẹ́hìndé, ìyàwó mi, ti kú. Tádàwà kán sí i. Mi ò dà á kọ. Ìyá onílé ń gbá òdòdó àjọ̀dún níwájú ilé nígbà tí mo fi lé e lọ́wọ́. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó wò ó títí, ó ká a, ó sì fi í sí àyà. Mo ká ìró náà kúrò lórí àga. Lẹ́yìn náà, mo gbé àga kejì wọlé.