Ọjọ́ tí Elétí-Ọfẹ Ké Lóko Bàbá Mi

Òjò winniwinni ló ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe irú òjò tí í lé èèyàn wọlé. Ó kàn ń rọra kán láti etí páànù, tó, tó, tó, sínú garawa tí mo gbé síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Òkèrèwè. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ tutù, ewé kankan kò mì. Bí mo ṣe ń fi aṣọ di igbá iṣẹ́ mi ni mò ń gbọ́ ìró omi yẹn, mo sì ń sọ nínú ara mi pé bí ẹ̀rọ ọ̀gá wa bá lè máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí lónìí, a jẹ́ pé oko bàbá mi bọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ yanrìn fífọ ni mò ń ṣe nígbà náà. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ odò. Ìyá Ìlarè ló kọ́ mi. Àdúgbò tó ń gbé la fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń fọ yanrìn góòlù láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ ó bu yanrìn ìsàlẹ̀ odò sínú igbá tó fẹjú, ẹ ó máa yí i nínú omi, omi á máa kó èyí tó fúyẹ́ lọ. Èyí tó wúwo á jókòó sídìí igbá, dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Yanrìn dúdú là ń pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù, ìdí igbá mọ́ féfé. Ìyá Ìlarè wò ó, ó wò mí.

Ó ní, "Àdùkẹ́, o fọ odò mọ́. Ṣé kí n bá ẹ wá ọṣẹ ni?"

Nígbà tí góòlù ń dínkù, àwọn tí ìjọba rán wá yẹ òkúta ilẹ̀ wa wò dé, wọ́n sì gbà wá síṣẹ́. Ọ̀gá wa ni Ọ̀gbẹ́ni Ràímì, ọmọ Ẹdẹ, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí kì í pa ìrun jẹ. Kì í ṣe góòlù ló ń wá. Òkúta kan tí wọ́n ń pè ní yuréníọ̀mù ló ń wá, òkúta tí iná wà nínú rẹ̀, iná tí kì í rú èéfín. Ó ní àpótí kan tó ń gbé kọ́ èjìká, ọ̀pá kan so mọ́ ọn. Ọ̀pá yẹn ló ń nà sí òkúta, àpótí á sì máa sọ ohun tó gbọ́. Àwa alágbàṣe ń pè é ní Elétí-ọfẹ. Níbi gbogbo ló ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń kán láti etí páànù, nítorí kò sí ilẹ̀ tí kò ní bíńtín nínú iná náà. Ṣùgbọ́n bó bá kan ibi tí iná pọ̀ sí, á ké bí òjò ńlá lórí páànù.

Bí a bá ń sinmi, Ọ̀gbẹ́ni Ràímì á máa kọ́ wa. Ó ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù tó parí ogun, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ti ń kọ́ bí wọn ó ṣe fi iná kan náà se omi, kí ooru omi máa yí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ máa tan iná sílé onílé. Èmi tí mò ń ru igi ìdáná, tí mò ń ra kẹrosíìnì, ẹnu yà mí. Ó tún sọ fún wa nípa obìnrin kan nílùú òyìnbó, tó kó òkúta dúdú jọ lápò-lápò, tó ń sè é nínú ìkòkò ńlá lábẹ́ àtíbàbà tó ń jò, tó ń fi ọ̀pá irin tó ga tó òun fúnra rẹ̀ rò ó, tó ń yọ ohun tí kì í ṣe é kúrò, títí ó fi ku bíńtín tó ń tàn nínú òkùnkùn.

Ìyá Ìlarè bi í pé, "Ẹnì kankan ò bá a rò ó ni?"

"Ọkọ rẹ̀ bá a ṣe é, Màmá."

"Ọkọ gidi nìyẹn."

Ó ní iná yẹn náà ló padà jẹ obìnrin náà lára, torí kò tètè mọ̀ pé ó ń jẹni.  Títí di òní ni mò ń ṣe sàdáńkátà fún un. Iṣẹ́ tiwa ló ṣe, ìkòkò ló kàn fi dípò igbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, oko bàbá mi lọ́nà Ìpetumodù ló kàn. Òkúta ràbàtà kan wà láàárín rẹ̀, odò kékeré kan ń ṣàn nísàlẹ̀. Bàbá mi àti ìyá mi ni wọ́n gbin kòkó ibẹ̀ kí ìyá mi tó kú. Bí ẹ̀rọ bá ké níbẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì gbẹ́, kòkó ò ní dúró. Ọ̀gbẹ́ni Ràímì kò tàn mí. Ó ti fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó sọ fún mi ṣáájú pé, "Ìyá Bọ́sẹ̀, bó bá ké, mo máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba ní Ìbàdàn. Mi ò ní purọ́."

A bá bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà oko. Agbádá ẹtù ló wọ̀, ó dé fìlà, ó sì so aago ọwọ́ tí àbúrò rẹ̀ mú bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Kò mọ aago wò. Ọjọ́ ìkómọ àti ọjọ́ tí àwọn agbowó-orí bá ń bọ̀ ló máa ń so ó. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba oko lọ́wọ́ òun kò ní bá òun nínú àkísà. Ó kí Ọ̀gbẹ́ni Ràímì, ó di apá rẹ̀ mú, apá tó fi mú ọ̀pá ẹ̀rọ, bí a ti ń mú àlejò pàtàkì, ó ń mú un wọ inú oko.

Ìdí kòkó àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta, ó ti di òjò ńlá. Àwọn alágbàṣe ń kí ọ̀gá wa kú oríire, torí ó pẹ́ tó ti ń wá irú ohùn yẹn. Bàbá mi ń béèrè ohun tí àpótí ń sọ. Èmi jókòó sórí ewé tútù.

Ọ̀gbẹ́ni Ràímì kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà oko níbi tí kò sí òkúta rárá, bàbá mi sì tẹ̀ lé e, kò fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Òjò ẹ̀rọ náà ò dá.

Ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Òkúta kì í rìn. Kí ló wá ń bá mi rìn?"

Ó ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn. Bàbá mi fi í sílẹ̀, ẹ̀rọ bá rọ̀. Ó wá ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi lọ, ẹ̀rọ kò ké. Ìyá Ìlarè lọ tòun ti agolo áṣáà rẹ̀, ẹ̀rọ kò ké. Bàbá mi lọ, òjò tún dé.

Ìyá Ìlarè ní, "Baálé, ṣé ẹ gbé òkúta mì láàárọ̀ yìí ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Ràímì tọrọ aago náà. Ó fi agbádá bàbá mi bò ó, ó ní kí n yọjú wò ó. Àwọn àmì ojú aago ń tàn bí kòkòrò tanátaná, àwọ̀ ewé. Ó ní ohun tí obìnrin òyìnbó yẹn sè nínú ìkòkò ni wọ́n fi kùn ún, kí sójà lè rí aago wò lóru.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ so ẹlẹ́rìí tó fẹ́ ta kò yín mọ́wọ́ wá."

Bàbá mi wo aago náà títí, ó ní, "Ohun tí ò lè sọ aago fún mi, ó wá ń rojọ́ mi." Gbogbo oko rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé aago jìnnà, ọ̀gá wa na ọ̀pá sí òkúta: tó, tó, tó.

Inú mi ti ń dùn kí ó tó sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ó ní òkúta ti sọ tirẹ̀, odò kò tíì sọ̀rọ̀, àti pé ohun tó bá dùn létí ẹni gan-an ló yẹ ká tún yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n omi ti kún nítorí òjò, ó di ọ̀la. Èmi ni mo máa fọ yanrìn rẹ̀, torí bí òkúta oníná náà bá wà lókè odò, inú yanrìn dúdú ló máa jókòó sí.

Bí a ti ń padà sílé, Ìyá Ìlarè fín áṣáà sí imú, ó ní ọwọ́ tó ń yí igbá lè yí i le jù, kí yanrìn dúdú bá omi lọ.

Ó ní, "Mi ò ní kí o ṣe é o. Mo ní ó ṣeé ṣe ni."

 Ọ̀gá wa ni mò ń rò. Ohùn tó ti ń wá kiri dé etí rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí i láti lọ wá òótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ, omi sì ti fà. Mo wọ odò bàbá mi, mo bu yanrìn láti ibi tó jìn jù, mo sì rọra yí igbá mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi, títí yanrìn dúdú fi jókòó, n kò jẹ́ kí èyíkéyìí bá omi lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Elétí-ọfẹ. Bàbá mi dúró lókèèrè, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Tó. Tó. Tó.

Ọ̀gbẹ́ni Ràímì mi orí sí mi pé oko náà bọ́. Mo da yanrìn dúdú padà sínú odò tó ni ín, mo ṣan igbá mi, mo gbé e gòkè lọ bá bàbá mi, a sì fi kó kòkó.