Baba Onílẹ́tà àti Ewúrẹ́ Kọmíṣánnà

Lọ́jọ́ tí Kọmíṣánnà iṣẹ́ òde gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì Baba Onílẹ́tà, kò mú ọlọ́pàá kankan lẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí awakọ̀ bá òun gbé báàgì. Ọkùnrin náà sanra, àtẹ̀gùn ọ̀hún sì ga. Nígbà tó fi dé òkè, ó ń mí gúlegúle, ó ti ṣí fìlà, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

"Ẹ káàsán, Ọnọrébù," ó ní. "Mo ní kí n wá fẹnu ara mi sọ fún yín ni. A ti so ewúrẹ́ náà."

Baba Onílẹ́tà gbé ojú sókè nídìí ìwé tó ń kọ. Kò mọ ewúrẹ́ kankan mọ́ Kọmíṣánnà. Àmọ́ ọdún mẹ́rìnlá tó ti lò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti kọ́ ọ pé bí ẹni ńlá bá ń jẹ́wọ́, èèyàn kì í dá a lẹ́nu kọ́.

"Ṣé ẹ so ó dáadáa?" ó bi í.

"Okùn méjì ni, sà."

"Kò jẹ nǹkan onínǹkan mọ́?"

"Láti ọjọ́ Ẹtì, sà, ewé tá a bá já fún un nìkan ló ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí àwọn oníwèé ìròyìn. Fáìlì méjì péré ló jẹ."

Baba Onílẹ́tà mi orí bí ẹni tó ti mọ iye fáìlì náà tẹ́lẹ̀. "Ó dáa. Afárá wa ńkọ́?"

"Ọjọ́ Ajé làwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀, sà."

Ọjọ́ Ajé pé, òṣìṣẹ́ dé, sìmẹ́ǹtì dé. Afárá tí àdúgbò méjì ti fi ọdún mẹ́fà tọrọ, ewúrẹ́ kan ló gbà á fún wọn.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn yìí. Onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì náà kì í gé irun èèyàn tán láì sọ ọ́, ọdọọdún ló sì ń fi nǹkan tuntun kún un. Tiẹ̀ ni pé Baba Onílẹ́tà ní amí nínú gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba, títí kan ibi tí wọ́n ń so ẹran mọ́. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ojú mẹ́rin lọkùnrin náà ní.

Akọ̀wé rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rín tirẹ̀ kì í dénú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọwọ́ obìnrin yìí gan-an ló fi ewúrẹ́ sínú ìtàn náà, ó sì ti gbé e mì fún ọdún mọ́kànlá. Ní báyìí tí wọ́n ti sin ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, kò mọ̀ bóyá ó kú láìmọ̀ pé akọ̀wé òun tan òun jẹ, tàbí ó mọ̀, tó sì ń fi ọkàn burúkú wò ó láti ọjọ́ náà. Èyí tó burú jù nínú méjèèjì ni kò lè sọ.

Ká tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó yẹ ká mọ irú èèyàn tí Baba Onílẹ́tà jẹ́. Lẹ́tà tó bá ti wọ yàrá rẹ̀, yálà ti gọ́tà tó dí ni o, yálà ti owó ìfẹ̀yìntì ni o, ọjọ́ méje ló fún ara rẹ̀ láti dá a lóhùn. Kò sì ní dáhùn títí á fi lọ síbẹ̀ lọ wò ó. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," á ní, á sì wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwọn aṣòfin yòókù ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdáhùn kan náà fún ẹgbẹ̀rún èèyàn. Tirẹ̀, kálàmù ló fi ń kọ ọ́, ìkọ̀wé náà sì burú débi pé akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń jókòó tẹ̀ ẹ́ kí ọmọ aráyé tó lè kà á.

Ohun kan tún wà. Baba Onílẹ́tà kì í kọ orúkọ tàbí oyè ẹnikẹ́ni sínú lẹ́tà. "Ẹni iyì" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ gómìnà ló ń kọ ọ́ sí, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ títì. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í to oyè, òun á gbàgbé ti ẹnì kan, ìjà á dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń fi "ẹ" bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, títí kan ọmọ ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá tó sì tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí akọ̀wé yìí débẹ̀ ni nǹkan bàjẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ méjì sì ń retí kí iṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀. Lẹ́tà mọ́kànlélógójì ló wà lórí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì fẹ́ tì. Ó ń ṣe é kíákíá, ó ń ká a, ó ń fi sínú àpòòwé, ó ń lẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń pe ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ní Ẹni iyì.

Lẹ́tà tó yẹ kí Kọmíṣánnà rí gbà lọ báyìí: "Ẹni iyì, ọdún kẹfà rèé táwọn ọmọ ti ń la odò kọjá lọ síléèwé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín. Bí afárá kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, màá dìde nílé ìgbìmọ̀, màá sì dárúkọ yín kí gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́." Màmá arúgbó kan tó ń gbé nítòsí odò náà, tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ òdòdó tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló rí i gbà.

Èyí tó yẹ kí màmá náà rí gbà sì balẹ̀ sórí tábìlì Kọmíṣánnà: "Ẹni iyì, ewúrẹ́ yín ń jẹ ohun tí kì í ṣe tiyín. Mo ti wá, mo sì ti fojú ara mi rí i. Aládùúgbò ti mú sùúrù tó. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó di ariwo." Ta ló mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ewúrẹ́ ta Kọmíṣánnà lọ́rẹ, tó sì ń sìn ín lẹ́yìn ọ́fíìsì ìjọba?

Nígbà tí Kọmíṣánnà wọlé lọ́jọ́ náà tó dárúkọ ewúrẹ́, akọ̀wé ń gbọ́ ọ nídìí tábìlì rẹ̀. Ó mọ ohun tó ṣe lójú ẹsẹ̀. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ sì dé etí odò lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bá afárá pákó tuntun níbẹ̀. Màmá arúgbó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, òòlù lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló ṣe èyí?" ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ béèrè.

"Èmi ni," màmá dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi, ọjọ́ kejìlá rèé. Ẹ bá mi sọ fún Ọnọrébù kó má dárúkọ mi mọ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní Baba Onílẹ́tà kì í ṣojúsàájú, pé àtọlọ́lá àtarúgbó ló ń fún níṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́tà tíṣà dé: "Afárá dára. Ewúrẹ́ ṣì ń jẹ òdòdó mi." Baba Onílẹ́tà kà á, ó tún un kà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, ó wọ bàtà, ó jáde. Akọ̀wé kó ife rẹ̀ àti ṣálì rẹ̀ sínú báàgì, ó jókòó, ó ń dúró de ìwé ìdádúró. Nígbà tí ọ̀gá padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń nu omi ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po tíì," ló sọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ló ti ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà sí igun òkè, kékeré báyìí. Akọ̀wé rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe ń bọ̀ wá sọ ọ́ lọ́la ló ń di ọ̀túnla, nígbà tó sì fi di ọdún kejì, ojú tì í láti sọ pé ó ti pé ọdún kejì.

Ìyẹn kò ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Àtẹ̀gùn kẹfà kán, Baba Onílẹ́tà sì kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú, ó lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, ó lọ fi ránṣẹ́. Nígbà tó dé, ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ọjọ́ méje kọjá, inú bí i, ó kọ òmíràn: "Ẹni iyì, ṣé torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìbò fún ara yín lẹ ṣe ń fojú wa gbolẹ̀?" Akọ̀wé ní kí òun pe káfíńtà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àyàfi kí òun kọ́kọ́ lọ wò ó. Ó jáde, ó wò ó, ó sì ṣubú.

Ti iléèwé ńkọ́? Olùkọ́ kan kọ̀wé pé òrùlé ń jò. Baba Onílẹ́tà dúró de ọjọ́ òjò, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kíláàsì kìíní fún wákàtí kan. Orúnkún rẹ̀ há sábẹ́ tábìlì, wọ́n sì ní láti tú ìṣó kó tó lè dìde. Lọ́jọ́ kejì, alága ìgbìmọ̀ béèrè ẹ̀rí. Ó yọ fìlà rẹ̀ tí òjò ti rin gbingbin láti inú ọ̀rá, ó fún un sórí tábìlì alága, omi ṣàn dé ìdí ife tíì rẹ̀. Wọ́n buwọ́ lu òrùlé náà kó tó fún ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbé e lọ, láìní ìrora púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin ín, akọ̀wé ṣí ọ́fíìsì kí àwọn èèyàn lè wá fọwọ́ síwèé ìbánikẹ́dùn. Yàrá kún. Onígbàjámọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ewúrẹ́, tíṣà tó fẹ̀yìntì ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ìgbà náà ni màmá arúgbó dé, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn.

Akọ̀wé fún un ní àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó rí ọwọ́ obìnrin náà, ọwọ́ tó ru pákó nítorí àṣìṣe òun. Kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni. Èmi ni mo ṣi lẹ́tà yín fi sínú àpòòwé ẹlòmíì. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe afárá. Bàbá kò mọ nǹkan kan nípa ewúrẹ́ Kọmíṣánnà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì sọ fún un títí ó fi kú."

Màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ṣé ohun tó o ń gbé kiri látọjọ́ yìí nìyẹn?" ó ní. "Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. A ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ̀?"

"Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn ló wá. Ó ní kí n mú lẹ́tà mi wá kóun wò ó. Ó kà á, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo ní, 'Ó dáa, ta ló ṣe èyí?' Ó ní, 'Màmá, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ojú bá tì í báyìí, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n títí ayé, mi ò sì ní rí ẹlòmíì tó lè ka ìkọ̀wé mi.'"

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ní ìwọ fúnra ẹ máa sọ fóun lọ́jọ́ kan," màmá ń bá a lọ. "Gbogbo ìgbà tó bá gba ọ̀dọ̀ mi kọjá ni mo máa ń bi í, 'Ṣé ó ti sọ ọ́?' Á ní, 'Kò tíì sọ ọ́ o, Màmá. Ó kù díẹ̀.' Ó ní òun ti tọ́jú ẹ̀rín òun dè ọ́."

Ọdún mọ́kànlá bọ́ kúrò léjìká akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ èyí tó ṣáájú. Inú rẹ̀ fúyẹ́, ó sì dùn ún pé òun fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ti bọ́, Màmá," ó ní. "Mi ò lè sọ ọ́ fún un mọ́."

"Èmi kò tíì lọ síbì kankan," màmá dáhùn, ó sì fa àga kejì súnmọ́ ara rẹ̀. "Jókòó. Sọ ọ́ fún mi. Èmi ni màá bá a rín ẹ̀rín náà."

Onígbàjámọ̀ ti súnmọ́ wọn. Tíṣà ti yí àga rẹ̀ padà. Akọ̀wé jókòó, ó fi etí ṣálì rẹ̀ nu ojú, ó wo gbogbo wọn.

"Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débí ni," ó bẹ̀rẹ̀. "Lẹ́tà mọ́kànlélógójì ló wà lórí tábìlì yìí, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì fẹ́ tì." Kó tó dé ibi àpòòwé kejì, màmá ti di ògiri mú.