Ọdún Kan Tí Mo Fi Jowú Màmá Fọlárìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Chicago láàárín àwọn ọdún 1980. Ẹ má tíì pè mí ní èèyàn burúkú o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná. Ìlara ni mo ṣe. Ìlara gidi!

Hazel Crest, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago, ni èmi àti Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, ń gbé nígbà náà. Òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, èmi sì ń ṣe nọ́ọ̀sì, evening shift, aago mẹ́ta ọ̀sán sí mọ́kànlá alẹ́. Ìjọ wa máa ń rán tọkọtaya àgbà kan lọ síbi tí àwọn sójà ti ń ṣe training nínú aginjù ní California. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọn á máa se oúnjẹ fún àwọn ọmọ náà, wọn á máa gbàdúrà fún wọn, wọn á máa jókòó ti àwọn tí àárò ilé ń sọ.

Bàbá Dúpẹ́ fẹ́ lọ ju ohunkóhun lọ. Òun náà ti ṣe sójà rí nílé nígbà ogun. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà ní bárékè, kò sí àgbàlagbà kan tó bi òun pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Ohun tó fẹ́ lọ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. A fi orúkọ sílẹ̀, a sì ń retí.

Àfi bí Pásítọ̀ ṣe dìde lọ́jọ́ Sunday kan, tó ní Bàbá àti Màmá Fọlárìn, àwọn ará Woodridge, ló ń lọ!

Háà! Màmá Fọlárìn kẹ̀? Obìnrin tí ìrẹsì máa ń jóná mọ́ lọ́wọ́? Mo gbà á ní àbúrò o, ṣùgbọ́n kí ló mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn? Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á, àmọ́ ti ojú ayé ni. Bàbá Dúpẹ́ wa mọ́tò wa délé. Ó kàn ní Ọlọ́run mọ ìdí ẹ̀.

Wàhálà ti lẹ́tà ló wá tẹ̀ lé e. Oṣooṣù ni ìyàwó Pásítọ̀ ń ka lẹ́tà Màmá Fọlárìn sí wa létí. Àwọn sójà ń pè é ní Mama. Ọmọkùnrin kan báyìí gbórí lé e léjìká, ó sunkún. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ṣé èmi ò léjìká ni? Wọ́n tún fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó dé fìlà oòrùn, àwọn ọmọ géńdé yí i ká, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń gbójú kúrò tí mo bá ń kọjá.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ eléyìí náà. Ó kọ̀wé sí èmi gan-an, pé ẹ̀gbọ́n òun, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe puff-puff yín? Àwọn ọmọ fẹ́ jẹ ẹ́. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́: fúláwà, ṣúgà, iyọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, òróró. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ yíìsì kúrò. Ẹni tó mọ oúnjẹ sè á mọ̀ pé ó kù síbì kan, àmọ́ mo mọ̀ pé òun ò ní mọ̀!

Nígbà tọ́dún pé, wọ́n dé. Màmá Fọlárìn kúnlẹ̀ kí mi, ó dì mọ́ mi. Ó ní puff-puff yẹn le bí òkúta o, ó ní àfi bí ẹni pé oòrùn ibẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn ń rì í sínú tíì, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà ló wá ní ó dun àwọn pé èmi àti Bàbá Dúpẹ́ ò lè lọ, nígbà tó jẹ́ pé àwa ni wọ́n kọ́kọ́ bi.

Ta ni wọ́n bi?

Mo gba ọ́fíìsì Pásítọ̀ lọ tààrà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ṣebí Bọ́lá pè mí lórí fóònù, tí mo ní rárá. Òun rò pé iṣẹ́ mi ni mo yàn, òun ò sì fẹ́ kí ojú tì mí, ni òun ò fi sọ ọ́ mọ́.

Bọ́lá ni sẹ́kítírì ṣọ́ọ̀ṣì. Chicago ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò lókè, kò nísàlẹ̀. Wọ́n pè é wọlé. Ó ní, "I called you, mà. Mo ní, ṣé ẹ lè lọ ṣiṣẹ́ fún àwọn sójà ní asale."

Asale! Orí mi fò lọ. Mo rántí ọjọ́ yẹn wàyí. Mo ti wọ uniform, mo ń sáré jáde. Àṣálẹ́ ni mo gbọ́! Ìjọ wa tún máa ń kí àwọn sójà àtijọ́ ní ọsibítù nírọ̀lẹ́, mo rò pé ìyẹn ni. Mo ní rárá o, ọmọ mi, ẹnu iṣẹ́ ni mo máa ń wà ní àṣálẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Aṣálẹ̀ lọmọ ń sọ! Inú dictionary ló ti rí i. Àwa àgbà, aginjù là ń pè é, bí Bíbélì ṣe pè é.

Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ló dé tí kò sọ "desert".

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ká má bá yín sọ English mọ́, mà."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn fún gbogbo ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Pásítọ̀ ní ká fi orúkọ sílẹ̀ padà. Ibo la fẹ́ gbà lọ? Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú Bàbá Dúpẹ́ láàárín ọdún yẹn, dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ gbé níbi tí oòrùn ti mú tó bẹ́ẹ̀.

Mo délé, mo bá a ní pálọ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ti yíìsì. Mo ń retí ìbínú. Ó fà mí dìde. Ó wá bi mí pé, "Ìyẹn ni pé wọ́n yàn mí?"

Mo ní wọ́n yàn yín, Bàbá Dúpẹ́. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọdún kan gbáko lòun fi ń yẹ ara òun wò, ohun tí òun ṣe tí ìjọ fi rí i pé òun ò yẹ. Inú yàrá kan náà la jọ ń sùn o! Mi ò mọ̀. Ojú mi wà lára fọ́tò Màmá Fọlárìn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ béèrè kí ẹ tó jowú. Kí ẹ sì wo ojú ẹni tó jókòó tì yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti ṣe ìlara rẹ̀ rí, tó wá jẹ́ pé ọwọ́ ara yín lẹ fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín? Ẹ sọ tiyín fún mi, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èmi nìkan ni n ó rojọ́ ara mi.