Ọjọ́ Tí Mo Ṣílẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà fún Rafatu

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo fẹ̀yìn ti àga ní pálọ̀ wa ní Ìgandò nígbà tí kọ̀ǹpútà ọmọ mi obìnrin dún "kín-ín!" Ó tún dún. Mo mọ ìró yẹn dáadáa. Fáyáwọ́ọ̀lù ni, ìyẹn ọlọ́dẹ tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, tó ń bi ẹni tó bá fẹ́ wọlé pé ta ni ọ́, ta lo ń wá. Ọmọ mi fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe séfà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ti ilé wọn wọlé wá bá a ṣe géèmù, ọlọ́dẹ sì dí wọn lọ́nà. Ó ti fẹ́ pa ọlọ́dẹ náà pátápátá. Mo ní, "Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀ jàre!" Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ń ṣarán. Àwọn ọmọ ìwòyí rò pé àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ fún yín: ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe séfà ní Ẹ̀gbẹ́dá kí wọ́n tó bí yín.

Ilé Alhaji kan la yá gbé nígbà náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ yẹ́lò, tí òjò ti fọ kíkùn ara rẹ̀ dànù tán. Kànga wà láàárín àgbàlá, àwọn ìyá a máa jókòó tì í fọ aṣọ, wọn a sì máa fi gbogbo àdúgbò ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi kì í jẹ́ ká gbàgbé pé ayálégbé ni wá. Bí a bá kan ìṣó mọ́ ògiri, wọn á ní, "Ṣé ilé bàbá yín ni?" Bí a bá sáré lórí àtẹ̀gùn, wọn á ké láti kíṣìnnì pé, "Ẹ rọra o, kì í ṣe ilé wa!" Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, mo ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé onílé.

Rafatu ń gbé ní ilé kejì, fẹ́ńsì kan péré ló là wá láàárín. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kì í dákẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í sì í gbófo, torí ọmọ tó fẹ́ràn gúgúrú ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Lúkúmánù, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòtún. Òun ló kó ìfun àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú jọ, tó fi to ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀, òun náà ló sì na wáyà láti ojú fèrèsé wọn, lórí fẹ́ńsì, wọ inú pálọ̀ wa. Géèmù mọ́tò eré ìje là ń ṣe. Kọ̀ǹpútà Rafatu kò lágbára tó láti gba àlejò, nítorí náà tiwa ni séfà, òun ló máa ń wọlé wá. Ibì kan sì wà nísàlẹ̀ géèmù náà téèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ sí, tí ẹnì kejì á rí i. Èébú ló pọ̀ jù nínú ohun tí Rafatu máa ń tẹ̀ síbẹ̀, pàápàá bí mo bá yà á sílẹ̀ ní kọ́nà.

Ìjà wá dé. Jẹnẹrétọ̀ ni. Ìyá Rafatu gbé tiwọn ti fẹ́ńsì, èéfín rẹ̀ sì ń wọ kíṣìnnì wa tààrà. Ìyá mi sọ̀rọ̀, Ìyá Rafatu fèsì, ìyá mi fi kún un, ká tó mọ̀, wọ́n ti ń bú ìdílé ara wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, ìyá mi nàka sí mi: "Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ẹ nílé yẹn mọ́!" Irú òfin kan náà wà lódì kejì. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹran sì wà nínú ọbẹ̀ o. Àmọ́ nínú gbogbo òfin tí wọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó rántí wáyà orí fẹ́ńsì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Lúkúmánù pàdé mi ní ìyànà. Ó ní àwọn ń kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé, pé bàbá àwọn ti rí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. "Rafa ní kó o ṣí géèmù sílẹ̀ lọ́sàn-án Fúráìdé. Òun máa wọlé wá kí ẹ pé ó dàbọ̀." 

Ìṣòro kan ló wà. Kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé la ní. Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò tí bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, tẹ̀ sínú rẹ̀. Èyí tuntun ní ọlọ́dẹ, bàbá mi sì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá pa ọlọ́dẹ náà, bó ṣe ìṣẹ́jú kan, kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́ láyé. Èmi àti Rafatu kò sì tíì fi géèmù pàdé lórí èyí tuntun yìí rárá.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, iná wà, bàbá mi ò tíì dé, ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé. Mo ṣí géèmù. Mo wọ ojú ewé ọlọ́dẹ, mo kọ orúkọ géèmù náà sínú àwọn tó gbà láàyè. Mo tún ṣí ojú ọ̀nà tí géèmù ń gbà, torí gbogbo ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò yàtọ̀ sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Mo jókòó, mo ń retí. Pálọ̀ dákẹ́. Lójijì wáyà ojú fèrèsé mì. Rafatu ló ń fà á lódì kejì: ó ń sọ fún mi pé òun ò rí ọ̀nà wọlé. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Wáyà tún mì. Nígbà tó yá, kò mì mọ́.

 Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ọlọ́dẹ wà níwájú mi gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé kọ̀ǹpútà ló máa wá rí mi fín? Mo ní rárá o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé náà láti òkè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọlọ́dẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a wà ní ìta gbangba.

Mo pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà dé, bí mo ṣe ki wáyà Rafatu bọ̀ ọ́ lẹ́yìn báyìí ló béèrè pé ibo la wà: ṣé ilé ni, àbí ìta gbangba? Bàbá mi bi mí pé kí la máa mú. Èmi ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní, "Kì í ṣe ilé wa, sà. Ilé Alhaji ni." Bàbá mi ro ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni, ká má parọ́. A bá mú ìta gbangba. Látọjọ́ náà ni ọlọ́dẹ ti ń ṣọ́ wa bí ẹni pé inú gáréèjì Ìkòtún la tẹ́ kọ̀ǹpútà sí, gbogbo àyè tí mo sì ń fún géèmù, fún ilé ni, kì í ṣe fún ìta.

Mo yí i padà. Mo mú ilé. Ọlọ́dẹ bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú gan-an ni.

Kò pẹ́ rárá tí orúkọ rẹ̀ fi yọ lójú kọ̀ǹpútà: Rafa ti wọlé. Mo fò sókè. Mọ́tò pupa rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n kò sáré. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "O ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní, "Mo wà ńbí jàre, ọlọ́dẹ ló ń yọ mí lẹ́nu."

N kò mọ̀ pé ìyá mi ti dé ẹ̀yìn mi.

"Ta nìyẹn?"

"Rafatu ni, mà. Ọ̀la ni wọ́n ń kó lọ."

 Àwo ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ìfọ́tí. "Lọ síbo?" Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ni wọ́n sọ, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Bi í bóyá wọ́n ti dẹrù tán."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn pẹ́ kó tó dé: "Ìyá mi ní ó ku àwọn abọ́. Wọ́n ní kí n kí Màmá yín."

Ìyá mi gbé ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n tún ìró ró. "Sọ fún un pé mo ń bọ̀ wá bá a di abọ́. Kó má fi bébà lásán dì í o, ó máa fọ́ ni." Wọ́n ti bọ́ sóde kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Èmi náà gbá tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí bàbá mi dé, mọ́tò méjì ni wọ́n bá lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n dúró sójú títì, kò sẹ́ni tó ń wà wọ́n.

Rafatu lọ ní Sátidé. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ọmọdé nígbà náà, bí a ṣe pàdánù ara wa nìyẹn, ó sì ń dùn mí dòní. Wọ́n ti sọ ilé Alhaji di ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń na wáyà lórí fẹ́ńsì mọ́. Àwọn ọmọ ìwòyí ń bá ará Kánádà ṣe géèmù láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dáa, n kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lóde kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rí inú ilé. Kò lè mọ̀ pé ò ń bá ilẹ̀kùn jìjàkadì.

Nígbà tí a jókòó sórí ẹrù wọn lọ́jọ́ Fúráìdé náà, tí àwọn ìyá wa ń di abọ́, Rafatu sọ ìdí tí wáyà kò fi mì mọ́. Ó ní òun ti pa kọ̀ǹpútà, òun ti ń sunkún, òun rò pé mo ti gba ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, pé èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó kàn tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i ni, kí wọ́n tó dì í mọ́ ẹrù. Ká ní mo ti jáwọ́ nígbà tí wáyà kò mì mọ́, èrò tí ì bá gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ì bá sì ṣì gbà á gbọ́ títí dòní.