Pákó Tí Kò Ráyè Gbẹ

Mo ṣì kéré, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Faransé ní ilé ìwé, ní ọdún tí èéyi wọ àdúgbò wa ní Albarika, ní Paraku. Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ìgbà ọyẹ́, tí nǹkan sú bo ara àwọn ọmọdé tí ojú wọn sì pọ́n, ni ẹ̀rù bà wá jù. Rárá o. Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti sọ pé àrùn náà ti lọ ni ẹ̀rù gidi dé.

Pákó kan wà tí wọ́n fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́. Bí wọ́n bá sìnkú tán, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi ti ògiri mọ́ṣáláṣí kó lè gbẹ. Ọ̀nà ilé ìwé mi gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún mìíràn, eruku a bo pákó yìí títí a ó fi gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ti dúpẹ́, a ti ṣe sàráà, síbẹ̀ bí mo bá ń kọjá, pákó náà tutù. Àwọn ọmọ tí èéyi kò pa ni wọ́n ń gbé lọ. Ọ̀kan a yàgbẹ́ gbuuru, òmíràn a wúkọ́, ó parí. Kò sí ẹni tó dárúkọ èéyi mọ́. Wọ́n ní eyín híhù ni, wọ́n ní òtútù òjò ni.

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tí èéyi fi sílẹ̀. Kò lè rìn mọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń tẹ́tí sí ẹkún rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ, ọkàn mi a balẹ̀.

Ìyá bàbá mi ló ń tọ́jú rẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ń ṣe é: ọmọ tó bá ṣe èéyi kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í fẹnu kan epo, àfi bí ìgbà òjò bá kọjá. Ògì lásán ni àbúrò mi ń mu.

Ìyàwó olùkọ́ kan, ará Ṣábẹ̀, ni aládùúgbò wa. Ìgbà kan náà ni ọmọ tirẹ̀ àti àbúrò mi ṣe èéyi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti ń lé ewúrẹ́ kiri. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àbúrò mi kò lè sunkún mọ́, obìnrin náà gbé ẹyin sísè wọlé.

"Ìyá, ohun tí tèmi ń jẹ nìyí."

"Ẹyin kẹ̀! O fẹ́ sọ ọmọ mi di olè?"

Ìyá mi, tí kò gbó ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu rí, kúnlẹ̀, ó sì gba ẹyin náà. "Ìyá, ẹ foríjì mí. Olè tó wà láàyè ni mo fẹ́."

Ó rún un sínú ògì, ó ń fi ìka tọ́ ọ sí àbúrò mi lẹ́nu. Ìyá àgbà jáde lọ jókòó. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ra ẹja bọ̀ láti ọjà. Mo ń tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, títí ẹkún fi padà dé.

Abẹ́rẹ́ èéyi ti wà báyìí, àbúrò mi sì ti di ìyá àgbà, kò jalè rí. Ṣùgbọ́n bí àrùn ńlá kan bá jà, tí mo gbọ́ tí ẹ ń jó pé ó ti lọ, n kì í tètè jó. Mo máa ń kọ́kọ́ lọ wo pákó náà bóyá ó ti gbẹ.